Ata Ẹnu Ọ̀nà àti Omi Àlùwàlá Màmá

Bàbá Àdíját,

Mo ti lọ sí Apọ́ngbọ̀n. Kí ẹ tó jókòó, ẹ wo ata rodo mi tó wà nínú bàsíà lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí ẹ ti ní kí Màmá yín má ṣe àlùwàlá níbẹ̀ mọ́ ni ewé rẹ̀ ti ń rẹ̀ dànù. Mo bu omi ẹ̀rọ sí i, kò kà á sí. Mo ti ń yangàn pé ọwọ́ mi ló ń mú un so nínú ọyẹ́ yìí, àṣé omi ẹsẹ̀ Màmá ló ń mu lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo bá Màmá lẹ́yìnkùlé, wọ́n lóṣòó ti ewédú ìyàwó àbúrò yín, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀. Ewédú ti ga dé ìbàdí mi. Obìnrin yẹn wá ń bi mí pé, “Ìyálé mi, ata ńkọ́?” Mo ní ó wà, a dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ Màmá kí wọ́n padà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má dárúkọ ata. Ẹ sọ pé ẹ̀yìnkùlé ń yọ̀. Lóòótọ́, èmi ni mo ráhùn pé omi ń dárogún, ṣùgbọ́n ẹnu yín ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ọbẹ̀ yín wà lórí sítóòfù. Mi ò fi ata sí i. Ọjọ́ tí Màmá bá padà ni ata máa padà.