Apá Kẹwàá Ló Tẹ̀lé Apá Kìíní

Bàbá mi àtàtà,

Inú ń bí mi, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè fẹjọ́ sùn ju ẹ̀yin náà lọ.

Ṣé ẹ rántí àwọn fídíò méjìlá tí ẹ fi fóònù yín ṣe lọ́dún tí ẹ fi wá sílẹ̀ láyé, tí ẹ fi ń sọ ìtàn ayé yín fún wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó? Ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, kó gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà kan nílé, ó wá fi áàpù kan sórí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ kí Màmá lè máa wò yín. Tí Màmá bá ti tẹ ẹyọ kan, áàpù náà á máa gbé òmíì tẹ̀lé e fúnra rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi tán. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Kò dáa rárá, Bàbá.

Orí áàpù náà dàrú. Lẹ́yìn Apá 1, Apá 10 ló ń gbé jáde, nítorí pé 1 ló kọ́kọ́ rí lára 10, ó sì gbà pé àbúrò rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni 11 àti 12, kó tó wá rántí 2, tí yóò fi parí sórí 9. Nínú Apá 1, fìlà yín tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ ṣe máa ń dé e, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń sọ bí ẹ ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó láìmọ ẹnì kankan. Ìtàn ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni ẹ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọrùn yín ti tínrín, ẹ ń wá èémí láàárín ọ̀rọ̀. Ta ló ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí èèyàn?

Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ ká wo apá kejì fíìmù tí gbogbo ilé ò bá tíì wo apá kìíní! Láyé kásẹ́ẹ̀tì, tí aládùúgbò kan bá pẹ́ dé, ẹ ó dá fíìmù dúró, ẹ ó ròyìn ibi tí a bá a dé fún un, àwa ọmọ á sì máa kùn. Ẹ̀rọ ti ìsinsìnyí ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo bá Ẹ̀gbọ́n jà lórí rẹ̀, ó ní, “Bó ṣe ń to nǹkan nìyẹn jàre. Fara balẹ̀, màá fix ẹ̀.” Títí dòní. Ó ń tún ti oníbàárà ṣe káàkiri Yábàá, ti bàbá rẹ̀ ni kò ráyè fún.

Èmi ní tèmi, tí Apá 12 bá ti parí, tí ohùn yín bá ti já láàárín àdúrà, mo máa ń dìde kúrò ní pálọ̀ ni. Mi ò dúró wo ìyókù rí. Màmá nìkan ló máa ń jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà fúnra mi. Mo yí orúkọ àwọn fídíò náà padà, mo fi òdo síwájú àwọn nọ́ńbà kéékèèké, 01, 02, títí dé 09. Gbogbo rẹ̀ wá tò bí ẹ ṣe sọ ọ́. Mo pe Màmá, mo tún ń fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Muṣin, ẹ fẹ́ Màmá, ẹ bí wa, ẹ jó nínú àgbàlá ní Apá 9. Lẹ́yìn náà ẹ dùbúlẹ̀. Àdúrà yín já, ojú tẹlifíṣọ̀n sì dúdú. Kò sí òmíì mọ́.

Màmá tẹjú mọ́ ọn. “Kí lo ṣe sí i? Dá a padà sí bó ṣe wà. Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn àìsàn yẹn, Bàbá yín ṣì máa ń dìde jó.”

Ó ń sunkún, Bàbá. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bú áàpù yẹn, níṣe ni ìyá mi ń wò yín tí ẹ ń ṣàìsàn, tí ara yín ń yá, tí ẹ ń jó, kó tó lọ dáná oúnjẹ. Kí ló dé tí ẹ ò dìde bẹ́ẹ̀ lójú wa? Ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀ ni? Mo ń bínú sí áàpù, mo ń bínú sí Ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ̀yin ni mo ń bínú sí jù.

Mo ti yọ àwọn òdo náà kúrò. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ ń jó lọ́wọ́ ní pálọ̀, Màmá ń pàtẹ́wọ́. Inú yàrá ni mo wà, mi ò lè wá.

Mo nífẹ̀ẹ́ yín, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò lè gbàgbé bó ṣe tò gan-an.