Ohun Tí Ojú Ewé Rẹ Fi Dá Wa Lóhùn

Manigri, ọjọ́ Àlàmísì

Faïzatou ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kútọnu? Ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ò ń kọ́ ń wọlé? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Èmi Oumarou bàbá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Kajú kò so tó ti èṣí, iṣu tuntun ti ń ta. Ilé ò dùn.

Ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó o ṣe, tó o fi ránṣẹ́ sí tẹlifóònù Daouda àbúrò ìyá rẹ, tó o ní ká kọ nǹkan sí i ká sì tẹ ibi aláwọ̀ ewé, a rí i. Inú ìyá rẹ dùn pé èdè wa lo fi ṣe é. Nígbà tí inú rírun wá dé sí i, a pè ọ́, obìnrin kan ló ń fi Faransé sọ ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá, mo kí i títí, kò kí mi padà, ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́. Ni mo bá kọ ọ́ sójú ewé rẹ pé ìyá rẹ ń ṣàìsàn, ṣé ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Bassila. Kíá lo dáhùn: "Ẹ ṣeun. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yín. Màá dá yín lóhùn láìpẹ́."

Ìwọ náà lo sọ nígbà tí ojú ń dun ìyá rẹ lọ́jọ́sí pé ká má gbé e lọ síbì kankan láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ. Daouda gbé alùpùpù dé ẹnu ọ̀nà, ìyá rẹ kọ̀, ó ní ọmọ òun ti ní òun ń bọ̀ wá dáhùn. A dúró. Mo tún kọ, o tún sọ bákan náà. Lọ́jọ́ Àtìní, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó pe orúkọ rẹ, ó kú. A ti sin ín.

Mo kọ ìyẹn náà síbẹ̀, pé ìyá rẹ ti kú. O ní inú rẹ dùn.

Daouda ní ẹ̀rọ ló ń dá sọ ọ́. Mo ní irọ́ ni, ẹ̀rọ kì í sọ ohun tí èèyàn ò fi sí i lẹ́nu. Ó dùn mí, Faïzatou, ó dùn mí wọnú egungun.

Fi owó ṣúgà àti ìrẹsì fídáù rán awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá. Tó o bá lè wá fúnra rẹ, fi owó náà wọkọ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Wàá bímọ. Ọmọ tó o bá bí, tó o bá pè é, á dá ọ lóhùn.

Bàbá rẹ,
Oumarou