Orúkọ Àwọn Òkú Wa Ti Sọdá Odò

Wening ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ní Jakarta. Ṣé ara le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Àwa náà wà, ewúrẹ́ bí ìbejì, òjò ò sì dá.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù ló mú mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. O ní bí orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín bá kún, á di lára ẹrù rẹ̀, á fi wáyà ránṣẹ́ sí orí kọ̀ǹpútà mìíràn kó bá a tọ́jú rẹ̀. O ní lọ́tẹ̀ yìí orí náà kún débi pé kò ráyè tí yóò ti di ẹrù pàápàá, ló bá dúró sójú kan, ọ̀gá yín sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ sílé, ì báà ṣe àdúrà ẹgbẹ̀rún ọjọ́ tí bàbá rẹ kú. Yéè! Irin tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, kí ló ń rò tí orí rẹ̀ fi kún? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ní í ru igbá rẹ̀ délé, ẹ ò sọ fún un ni?

Ṣùgbọ́n mo ní ọgbọ́n Jakarta, èmi náà lè dá a. Orí mi ti kún: àkàrà apem tí a fi ń ṣe sàráà òkú, ìrẹsì àwọn àlejò, òkúta ibojì, àti orúkọ àwọn òkú ìdílé bàbá rẹ tí Pak Giman, àlùfáà wa, yóò pè nínú àdúrà, tó jẹ́ pé èmi nìkan ló mọ̀ wọ́n lábúlé yìí. Mo pe Yu Sarmi aládùúgbò wa, mo ka gbogbo wọn sí i létí, mo ní kó bá mi gbé wọn. Orí mi fúyẹ́, mo ń kọrin ní ìdí ààrò.

Àfi bí Yu Sarmi ṣe sọdá odò lọ gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀, tí odò kún, tó gbé afárá lọ. Mo ní kò burú, n ó pè é. Háà! Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ohun tí mo kó fún un! Olórí abúlé ló bá mi wá nọ́ńbà náà rí, mo sì pè é. Mo ní kó dá àwọn orúkọ náà padà fún mi. Ó ní kí n má bínú, ọmọ tuntun dé, orí òun náà kún, òun ti da tèmi nù kí tòun lè ráyè. Wening, ó dà wọ́n nù! Ìyá tó bí bàbá rẹ!

Láàárọ̀ yìí Pak Giman dé, ó ní kí n ka àwọn òkú náà. Mo yanu, kò sí ẹnìkan. Orúkọ kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu ni tìrẹ. Mo yára fi eyín dè é mọ́lẹ̀.

O mọ̀ wọ́n. Bàbá rẹ máa ń kọ́ ọ bí ẹ bá ń fọ ibojì ṣáájú ààwẹ̀. Wá fi ẹnu ara rẹ kà wọ́n, má fi wáyà ránṣẹ́ o, mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Fi owó ṣúgà àti kọfí ránṣẹ́ ṣáájú, kí o sì fi owó ọkọ̀ tìrẹ sápò. Ọ̀nà á là fún ọ. Ọ̀gá yín á gbọ́ràn. Ọlọ́run kò sì ní jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ rẹ mọ́ tàwọn òkú níṣojú mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mbok Karsinah