Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tí Kò Ní Àtẹ̀gùn

Ọ́fíìsì Ìwé-Àṣẹ Ilé Kíkọ́,
Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀wọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀rùn,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà fúnra rẹ? Èmi wà bí mo ṣe wà: ikùn ń yọ síwájú, irun ń sá sẹ́yìn. A dúpẹ́.

Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí. Màmá rẹ ti gba ìwé-àṣẹ! Yàrá ìránṣọ tí wọ́n fẹ́ kọ́ sẹ́yìn ilé, tí ọ́fíìsì wa ti ń fi "ẹ lọ, ẹ bọ̀" dá wọn lóró láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ti bọ́ sí i. Ìkòkò àti ẹ̀rọ ìránṣọ ò ní du àyè mọ́ ní ilé ìdáná wọn. Má tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀.

Ìjọba ló gbówó kalẹ̀ fún àwọn ọ́fíìsì bíi tiwa, pé ká yé gbé fáìlì káàkiri bí ọmọ tuntun, kí kọ̀ǹpútà máa yẹ àwòrán ilé wò, kó sì fèsì lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Ẹ-Ní-Sùúrù nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn, ń wo ẹ̀rọ náà bí ìyálé ṣe ń wo ìyàwó tuntun. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé obìnrin kan ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ ìjọba láti wá wo ohun tí a fowó ṣe, kíá ló wọ kóòtù, ó ní àwòrán ilé tòun la máa kọ́kọ́ fi dán an wò.

Àná lobìnrin náà dé. Màmá rẹ náà wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n dijú mágbárí.

Ọ̀gá gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ rò ó títí, ó wá fi iná kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sójú ògiri níbi tí gbogbo wa ti ń wò ó: "A kò fọwọ́ sí i. Kò sí àtẹ̀gùn." Mo rò pé orí ẹ̀rọ ti dà rú ni. A tẹjú mọ́ àwòrán. Yàrá wà lókè, ilé ìwẹ̀ wà lókè, ọ̀nà àtigòkè ni kò sí! Ọ̀gá ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ yà á.

Màmá rẹ ló fọhùn: "Ọ̀gá, ṣé ẹ máa fò lọ sùn ni?"

Ẹ̀rín pa obìnrin ìjọba náà débi tó fi di tábìlì mú. Ọ̀gá ń pariwo, "Ẹ ní sùúrù, ẹ ní sùúrù," ta ló gbọ́? Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, obìnrin náà bi màmá léèrè ohun tí wọ́n wá ṣe, ó sì ní kí n gbé àwòrán tiwọn náà wọlé. Mo gbé e wọlé, àmọ́ mo ń rò ó pé bí ẹ̀rọ bá kọ̀ ọ́, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n? Ẹ̀rọ kọ ọ́: "A fọwọ́ sí i."

Màmá ò jó, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti parí náà nìyẹn?" Mo ní ó ti parí. Ni omijé bá bọ́. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí a ń dá àwọn padà, àwọn rò pé àwòrán àwọn ni kò dáa.

Ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé ìwé-àṣẹ náà fún wọn.

Ọ̀gá ò wá síṣẹ́ lónìí, wọ́n ní orí ń fọ́ ọ. Àwọn bíríkìlà ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lẹ́yìn ilé yín, màmá sì dúró tì wọ́n, wọ́n ń pàṣẹ bíi sójà. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Màmá ní bí o bá ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ náà, kí o má wá lọ́wọ́ òfo: sìmẹ́ǹtì làwọn fẹ́, kì í ṣe bísíkíìtì.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Ẹlẹ́jọ́ Wẹ́wẹ́