Bí Mo Ṣe Gbé Màmá Dé Leicester Nínú Òtútù

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Màmá ṣì máa ń bá yín sọ̀rọ̀ ní ìdájí kí wọ́n tó kúnlẹ̀ àdúrà, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ nípa ìrìn àjò wa sí Leicester. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ẹ mọ̀ pé Màmá máa ń fo ibi tí kò bá dùn mọ́ wọn.

Mo ti ra ọkọ̀. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń lò. Kò ní táńkì, kò ní páìpù èéfín. Òun ni mo fi ń gbé èrò ní Woolwich àti Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo mọ̀ pé tí ẹ bá wà níbí, ẹ ó ti ṣí iwájú rẹ̀ wò, ẹ ó sì bi mí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà. Ẹ̀yin tí ẹ wa lọ́rì láti Ìlá dé Kano, tí ẹ máa ń fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, kí ni ẹ ó máa gbọ́ nínú èyí? Kì í dún.

Òtútù ni wàhálà rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ń ràn, mo lè lọ síbi tó jìnnà kí n tó wá ibi tí mo ti máa ṣáájì. Tí òtútù bá dé, agbára bátìrì á dínkù, hítà tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná á sì tún máa jẹ nínú ìyókù. Nínú lọ́rì yín, ooru ẹ́ńjìnnì ló ń mú ara yín gbóná tí ẹ bá dé Jos, ọ̀fẹ́ ni. Nínú tèmi, gbogbo ooru tí mo bá lò, máìlì ni mo fi ń san án.

Bùkọ́lá àbúrò mi bímọ ní oṣù kìíní. Obìnrin ni, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ padà wá, ẹ má bínú. Ìjọ wọn ní Leicester ni wọ́n ti máa sọ ọmọ náà lórúkọ, Bùkọ́lá sì ti sọ fún olùṣọ́àgùntàn wọn pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yin ò sí mọ́, Màmá ni yóò gbé ọmọ lọ síwájú pẹpẹ. Ọ́ńkù Ṣẹ́gun, àbúrò Màmá tó ń gbé ní Abbey Wood, ní kí n fi Màmá sínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ní ọkọ̀ mi dára fún inú Woolwich, kì í ṣe fún márosẹ̀. Ó bí mi nínú. Mo ní èmi ni màá gbé ìyá mi. Ẹ mọ̀ mí.

Mo ti ṣáájì ọkọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́, mo sì gbé e sẹ́yìn ilé wa ní South Thamesmead. Kò yẹ kí n yọ ọ́ kúrò lára wáyà títí di àárọ̀. Iná wáyà náà, kì í ṣe ti bátìrì, ló yẹ kí n fi mú inú rẹ̀ gbóná ká tó gbéra. Nígbà tí a jáde, yìnyín ti bo gbogbo gíláàsì. Màmá ti wọ sùtánà funfun wọn láti ilé, kí a lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì tààrà. Wọn ò wọ bàtà, wọn ò sì mú ọ̀kankan dání. Ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo wa bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán ni. Ẹ lé mi padà sílé lọ́jọ́ tí mo wọ sálúbàtà dé ẹnu ọ̀nà ìjọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìlá máa ń gbóná, Bàbá.

Mo tan hítà sí ẹsẹ̀ wọn. A sọdá odò Thames, a kọjú sí àríwá. Máìlì tó kù lára bátìrì ń já wálẹ̀ ju èyí tí a ń rìn lọ. Mo wá ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Níbi tí ọ̀nà bá ti ń sọ̀kalẹ̀, mo fi jíà sí fíríì, mo jẹ́ kó máa yí lọ, mo sì ń tẹ bíréèkì tó bá fẹ́ sáré jù. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣọ́ epo lò. Kò ṣiṣẹ́ níbí. Tí ọkọ̀ yìí bá wà nínú jíà nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, táyà ló ń yí mọ́tò rẹ̀, ìyẹn á sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Tí ẹ bá fi sí fíríì, kò ní dá nǹkan kan padà. Ó pẹ́ kí n tó gbà bẹ́ẹ̀, torí ọ̀nà yín ni.

Níbi tí mo fẹ́ ti ṣáájì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́. Èyí tó kàn sì jìnnà ju máìlì tó kù sí wa lọ́wọ́. Mo rọra bọ́ sẹ́yìn lọ́rì kan kó lè máa dènà afẹ́fẹ́ fún wa, mo pa hítà. Mo tan ooru inú àga, ìyẹn kì í jẹ bátìrì púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í dé ẹsẹ̀. Láìpẹ́ Màmá ń fi ẹsẹ̀ kan ra èkejì. Mo ní ìbọ̀sẹ̀ mi tó nípọn wà lẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n ní kì í ṣe pẹ̀lú sùtánà. Mo ní tí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, wọ́n á sọ ọmọ lórúkọ láìsí wọn. Wọ́n ń wo ìta.

“Ẹ bọ́ sùtánà yẹn, Màmá.”

“Bàbá yín ò ní gbà.”

“Bàbá ò sí nínú ọkọ̀ yìí.”

Mo sọ ọ́. Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí n dúró. Mo yà síbi tí àwọn lọ́rì máa ń sinmi sí. Wọ́n bọ́ sùtánà, ó ku ìró àti bùbá lára wọn. Wọ́n ká a dáadáa, wọ́n gbé e sórí àga ẹ̀yìn, wọ́n wá wọ ìbọ̀sẹ̀ àti jákẹ́ẹ̀tì mi. A ń bá a lọ títí a fi dé ibi ẹ̀rọ kejì. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ò tiẹ̀ sọ iye máìlì tó kù fún mi mọ́. A pẹ́ níbẹ̀, torí bátìrì tó bá tutù kì í tètè gba iná. Ṣé ẹ̀yin ì bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn kú? Àbí ẹ̀yin ì bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti ilé?

Wọ́n ti ń kọrin nígbà tí a dé. Màmá wọ sùtánà padà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kó ìbọ̀sẹ̀ lé mi lọ́wọ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù náà wọlé. Wọ́n gbé ọmọ lọ síwájú pẹpẹ.

Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin tó ń pín oúnjẹ béèrè pé àwa mélòó la ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Mo fẹ́ sọ pé àwa méjì.

“Àwa mẹ́ta ni,” ni Màmá wí.

Obìnrin náà gbé abọ́ mẹ́ta wá. Màmá gbé ọ̀kan síwájú àga tó ṣófo láàárín wa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tiwọn. Wọn ò wojú mi.

Mo dúró títí oúnjẹ yín fi tutù. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ẹran ewúrẹ́. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n dà á nù, Bàbá. Mo jẹ ẹ́ tán.

Èmi ni ọmọkùnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì lágídí bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀.