Irin tí Mo Yàn fún Bàtà Ọta Yín

Ẹ kú ilé o, Bàbá Ọdẹ, ẹ̀yin tí ẹ tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí bàbá mi, ẹ̀gbọ́n yín, kú. Ẹ kú àìrí wa, ẹ kú ọ̀fọ̀ tí kò tíì kúrò lára. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Agbówó níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi ń bẹ̀ mí pé kí n máa fi ẹnu dọ̀bálẹ̀. Mo kí ìyàwó yín, Ìyá Làmídì. Mo kí opó tí Làmídì fi sílẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo kí Gàníyù tó kọ́ṣẹ́ ọdẹ lọ́dọ̀ yín, mo sì kí gbogbo agbo ilé lápapọ̀.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí gbà wá bá yín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kátíkíìsì tó ń ka lẹ́tà mi fún yín jẹ́ aláàánú ènìyàn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, ó máa ń fò ó, á sì fi àdúrà tirẹ̀ dí àlàfo náà. Lẹ́tà tí mo kọ lẹ́yìn ìsìnkú Làmídì, mo gbọ́ pé àmín lẹ ń ṣe sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ló kún inú rẹ̀. Èyí tí aládùúgbò bá ti rà kà, kátíkíìsì kò ní lè fò ó.

Ìbàdàn wà bó ṣe wà. Òjò ń rọ̀ láìsinmi, ẹrẹ̀ Agbówó sì ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó mọṣẹ́. Ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ilé á sì dákẹ́ títí ìrọ̀lẹ́. Ìgbà mìíràn mo máa ń fi ohùn tí mo fi ń kọ́ kíláàsì kí aláǹgbá orí ògiri. Owó ìfẹ̀yìntì mi ṣì wà lójú ọ̀nà. Ó jọ pé ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ẹnjiníà kan ní ìṣirò nílé wọn ní Bódìjà. Oyè ọkùnrin náà pọ̀ lára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ débi pé wọ́n ní láti kọ nọ́ńbà ilé sára ògiri.

Iṣẹ́ tí ẹ rán dírẹ́bà sí mi kò gùn: kí n wá irin pẹlẹbẹ tí ẹ ó fi ṣe bàtà ọta, kí n má sì pẹ́. Nítorí àwọn tó ń kà á tí wọn kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀. Ìbọn tí òyìnbó aṣọ́gbó fi sílẹ̀ fún yín nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, tí ẹ ń gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọọdún, kì í ṣe ṣakabùlà. Ọta rẹ̀ ti wọ́n lọ́jà, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń yọ́ òjé tí ẹ ń fi rọ ọ́. Ṣùgbọ́n òjé rọ̀. Iná ẹ̀tù á lá ìdí rẹ̀, èyí tó bá yọ́ níbẹ̀ á lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn, kò sì ní pẹ́ tí ọta á fi máa yà kúrò lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ìdí ọta, bí ìgbà tí ènìyàn wọ bàtà kí ilẹ̀ gbígbóná má jó o. Èyí tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún yín, bàbà pupa ni. Ó tán.

Ó tán ní àsìkò tí ẹfọ̀n wọ oko iṣu wa. Làmídì fi òjé lásán lọ bá a, nítorí kò lè dúró. Ọta yà. Itan ló ti bà á, ẹfọ̀n sì yíjú padà. Ẹ̀yin lẹ fi aṣọ ìbora gbé ọmọ yín wálé, n kò sì ní kọ ohun tó wà nínú aṣọ náà síbí.

Láti ọjọ́ náà lẹ ti sọ pé ẹ kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe ìṣípà fún un, kí ẹgbẹ́ ọdẹ kó ohun ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó kí wọ́n sì dágbére fún un, àyàfi tí ẹfọ̀n yẹn bá kọ́kọ́ ṣubú. Àṣà ilé wa náà ni pé bàbá ẹni tí ẹranko pa ni yóò gbé ìbọn lọ. Bàbá, ẹ ti kọjá ẹni àádọ́rin ọdún. Ojú yín ọ̀tún ti funfun. Èyí ló wà lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń wo irin kiri.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Dúgbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń tẹ páànù fi ọlá ìyá rẹ̀ búra fún mi pé kò sí irin tó dà bíi páànù. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, páànù nìkan ló ń tà. Nígbà tí mo sọ pé ègé kékeré ni mo fẹ́, ó bi mí bóyá ilé èèrà ni bàbá fẹ́ fi bò, gbogbo ìsọ̀ sì rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ra ègé náà. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi, funfun ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èépá. Mo gé agolo mílíìkì: ó le, ó ń ta padà, ó sì mú létí. Irú rẹ̀ yóò ha inú ọ̀pá ìbọn. Bàbà tí mo rí níbẹ̀ nípọn ju ohun tí ọwọ́ lè tẹ̀ lọ.

Mo bi ẹnjiníà mi ní Bódìjà. Ó jókòó dáadáa, ó tún ṣọ́ọ̀tì rẹ̀ tò, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ aráyé ti kọ́kọ́ rí irin nínú ilẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ parí ìṣirò, wọ́n jẹun, bàbá wọn kò tíì dé orí alumíníọ̀mù. Ó ní ọ̀rọ̀ náà gba ìwádìí, pé ó yẹ kí ìgbìmọ̀ kan jókòó lé e. Nígbà náà ló wá bi mí ohun tí bàbá àgbà fẹ́ fi ọta ṣe. Mo sọ fún un. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀. Ó ní bàbá tòun náà kì í gbọ́ràn. Ó wá ní kí n lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Ríǹgì Róòdù, pé àwo alumíníọ̀mù tí wọ́n bá fi tẹ ìwé tán, ńṣe ni wọ́n ń tà á bí ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rí bẹ́ẹ̀.

Ojú ìwé ìkéde òkú ni àwo tí wọ́n fún mi. Àwọn èèyàn ńlá tò sórí rẹ̀ pẹ̀lú oyè wọn, àwọn tí wọ́n sùn nínú Olúwa àti àwọn tí wọ́n lọ sílé ògo, gbogbo wọn ń wò mí. Wọ́n ti pa àwo náà tì, nítorí àyè fọ́tò kan ṣófo níbẹ̀. Wọ́n fa ìlà yí i ká, ojú ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀. Mo tẹ irin náà. Kò ta padà, kò sì sán. Ó rọ̀ ju ọ̀pá ìbọn lọ dáadáa. Ó fẹ́lẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi méjì léra, á tó. Mo mọ̀ pé mo ti rí i, inú mi kò sì dùn.

Nígbà tí Ìyá Làmídì wá tọ́jú ojú ní Jẹ́ríkò, tí wọ́n sùn lọ́dọ̀ wa, wọ́n rí àwo náà lára ògiri. Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí wọ́n pọ̀n lẹ́yìn. Wọ́n ní kí n fi agolo ránṣẹ́, tàbí kí n kúkú sọ pé n kò rí nǹkan kan, pé àwọn ti sin ọmọ, àwọn kò fẹ́ tún sin ọkọ. Mo gbé wọn dìde. Mo bi wọ́n bóyá àìsí irin yóò dá yín dúró sílé. Aṣọ orí wọn ni wọ́n ń tún wé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sí yín. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, pé àwọn ti sọ ọ́ lójú yín rí, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá, tí mo bá fi irin burúkú ránṣẹ́, ẹ ó lọ, ọta á sì yà. Tí n kò bá fi nǹkan kan ránṣẹ́, ẹ ó fi òjé lásán lọ bíi Làmídì. Nítorí náà èyí tó dára ni mo fi rán dírẹ́bà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín. Àṣà ilé wa ní kí bàbá gbé ìbọn dé inú igbó. N kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé òun náà ni dandan kó yìn ín. Ẹ gbé e dé ibẹ̀, kí ẹ fi lé Gàníyù lọ́wọ́, kí ẹgbẹ́ ọdẹ tó kù sì yí i ká. Ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́. Tí Làmídì bá ń gbọ́ wa, kò ní kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ ó rí i pé igun kan kò sí lára àwo náà. Àyè fọ́tò tó ṣófo yẹn ni mo gé kúrò. Ó wà lórí tábìlì mi, mo fi ife omi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. N kò lè fi ránṣẹ́ sí yín. Tí ẹfọ̀n bá ti ṣubú, tí ẹ sì ti ṣe ìṣípà ọmọ yín tán, ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi fúnra yín.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á tún gbé aṣọ ìbora jáde nílé wa. Kí ẹsẹ̀ tí ẹ fi wọ igbó mú yín padà wálé. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, ẹ kí kátíkíìsì náà, kí ó má ṣe bínú sí mi.

Èmi ni ọmọ yín, tí ń retí yín ní Agbówó,
Àdìó