Táǹkì Epo Tí Ẹ Ń Béèrè Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ Oníbátìrì

Ẹgbẹ́ Àwọn Ọlọ́kọ̀ Kéékèèké,
Yàrá Kejì, Ilé Àtúnṣe Àwọ̀n,
Èbúté Ìlú.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Èbúté,
Àjà Kejì, Ilé Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNṢE ÒFIN Ẹ̀RỌ ONÍBÁTÌRÌ LÓRÍ ỌKỌ̀ KÉKERÉ

Lẹ́tà kẹta nìyí. Méjì àkọ́kọ́ kò lésì, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

1. Òfin kẹrin yín ní ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kò gbọdọ̀ wọ omi láìgba ìwé àṣẹ. A fara mọ́ ọn. Epo tí àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá ń dà sómi ló bí i; àwa gan-an la pariwo.

2. Ìyá Aláwọ̀n, tí ó ń tún àwọ̀n gbogbo wa ṣe, ń gbé ní òdìkejì omi. Èjìká rẹ̀ yẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Dókítà ní kó má di àjẹ̀ mú mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń fi ọkọ̀ gbé e kọjá. Nígbà tí iṣẹ́ ń gbé ọmọ náà lọ sí ìlú mìíràn, ó ra ẹ̀rọ oníbátìrì fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í pariwo, kì í mu epo.

3. Ìlà kẹfà nínú fọ́ọ̀mù yín béèrè bí táǹkì epo ṣe tó. Ìyá kọ "kò sí". Wọ́n dá a padà. Ó kọ "òdo". Wọ́n tún dá a padà. Akọ̀wé ojú fèrèsé wá gbà á nímọ̀ràn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Màmá, ẹ ṣáà wá kẹ́ẹ̀gì kan sínú ọkọ̀, kí n lè rí nǹkan wọ̀n." Ó wá kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n lu ìwé lóǹtẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fọkàn balẹ̀, ó lọ.

4. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òfin kẹsàn-án kò gba kẹ́ẹ̀gì epo ní èbúté. Wọ́n ní kó tú ẹ̀rọ kúrò. Ìyá fi àjẹ̀ wakọ̀ délé. Èjìká náà tún yẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí kò ti lè wá síṣẹ́. Àwọ̀n mọ́kànlélógún ló wà nílẹ̀ níbí; mo ní láti kó mẹ́ta kúrò lórí àga kí n tó jókòó kọ èyí. Níbi tí mo ti kọ́ ìṣàkóso òwò, wọ́n ní òfin tó bá ń dí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é lọ́wọ́, àtúnṣe ló ń fẹ́, kì í ṣe ìgbìmọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí kò kọjá kí ẹ mú bírò.

Ẹ jọ̀wọ́, ní ìpàdé yín ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ yọ ẹ̀rọ oníbátìrì kúrò lábẹ́ ìlà kẹfà, kí ẹ sì dá ìwé àṣẹ Ìyá padà. Mo ti kọ gbólóhùn àtúnṣe náà sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ìfọwọ́sí ló kù.

Kẹ́ẹ̀gì náà wà lọ́dọ̀ mi. Epo kò kàn án rí. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ fún ẹ̀rí, n ó gbé e wá fúnra mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì sú,

Má-fọ̀rọ̀-falẹ̀,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.